Orin Tó Ń Ṣáájú Ọ̀rọ̀

Nígbà tí ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Télọ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sábẹ́ maṣíìnì rẹ̀, ó fa aṣọ dúdú kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ oníbàárà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: TA NÌYÍ?

Ọmọbìnrin rẹ̀ kà á. Ó tún un kà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè yí padà bí òun bá fún un láyè díẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ó fèsì. "Ohùn tiyín gan-an ni. Inú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ni mo ti yọ ọ́."

Bàbá gbọn aṣọ náà. Eruku funfun fò sókè nínú oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó tún kọ ọ́: ỌMỌKÙNRIN YÌÍ TI JẸUN LÓNÌÍ?

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo, kó tó rántí pé kì í ṣe ìgbà ẹ̀rín. "Bàbá Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ wo ojú ẹ̀. Àwọn tó ń ru bíríkì ò rí bó ṣe rí yìí."

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?" ọmọ náà bi í. "Ẹ ò gbọ́ ọ pé ohùn wọn ni?"

Màmá wo inú agolo rẹ̀. Kò fẹ́ purọ́, kò sì fẹ́ fi òótọ́ na ọmọ tó ti rẹ̀. "Ó jọ ọ́," ó ní níkẹyìn. "Ó jọ ọ́ bí òjìji ṣe ń jọ èèyàn. Mo rí i pé òun ni, àmọ́ mi ò rí ibi dì mú."

Ẹnjiníà pa ẹ̀rọ náà. Ẹnjiníà ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin náà, láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì, nígbà tí kò tíì mọ ohun tí orúkọ náà yóò ná an. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí ó ti di olùwádìí ní yàrá ìwádìí ohùn àti àwòrán, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe ya ohùn èèyàn sọ́tọ̀ kúrò nínú ariwo: kó gbọ́ aláìsàn tó ń pe nọ́ọ̀sì nínú yàrá tí fáànù ti ń pariwo, kó gbọ́ ẹni tó ń kígbe nínú òjò. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè orí aṣọ dúdú náà fi wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú aṣọ tuntun.

Ní ọdún tó kọjá ni àrùn kan bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀fun Bàbá. Àwọn dókítà yọ gògóńgò rẹ̀ kí àrùn náà má baà gbé e lọ. Ẹ̀mí dúró, ohùn lọ. Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọpẹ́ náà sì dénú, ṣùgbọ́n láàárín ọpẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ kan ti wọlé, tó sì wá ibi jókòó sí.

Bàbá ló máa ń darí àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé náà, láti ìgbà tí Ẹnjiníà kò tíì sí láyé. Lẹ́yìn tó ti ilé ìwòsàn dé, ó jókòó sí àyè rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, Màmá sì ń gbàdúrà dípò rẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá jókòó mọ́. Kí Màmá tó ṣí ìwé orin, yóò ti bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, yóò kọjú sí maṣíìnì, yóò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà ń wá. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú palọ̀, maṣíìnì rẹ̀ ni yóò máa dá wọn lóhùn láti òdì kejì ògiri, tá-tá-tá, bí ẹni tó ní òun ò bínú, òun kàn ń ṣiṣẹ́ òun ni.

Ilé ìwòsàn yá a ní ẹ̀rọ kan, pẹlẹbẹ bí àwo tí wọ́n fi ń gbé ife. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ohùn inú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Bàbá gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi àdúrà. Ọ̀dọ́kùnrin náà kí Ọlọ́run bí ẹni tó fẹ́ sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lọ́la. Bàbá pa á, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ìdì aṣọ bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni ilé ìwòsàn pè. Wọ́n fi sùúrù sọ ọ́. Àwọn ẹlòmíràn wà tí ohùn wọn ti lọ tí wọn kò rí ẹ̀rọ gbà; bí Bàbá kò bá ní lò ó, kí wọ́n dá a padà kí oṣù tó parí. Nígbà náà ni Ẹnjiníà sọ pé, "Ẹ fún mi láyè. Màá fi ohùn Bàbá fúnra wọn sí i."

Ó dá a lójú nítorí pé ohun èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń kàwé ní ìlú jíjìnnà, Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù láti ṣọ́ọ̀bù, á fi ránṣẹ́ sí i. Kò dá iṣẹ́ dúró nítorí rẹ̀: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹ maṣíìnì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń sọ ìròyìn ilé. Ẹnjiníà ti pààrọ̀ fóònù, ó ti pààrọ̀ ilé, ó ti sọ ẹrù tó pọ̀ nù, ṣùgbọ́n kò pa ọ̀kan rẹ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ariwo maṣíìnì kún inú wọn. Kí ni òun wá kọ́ ní yunifásítì bí kì í ṣe bí a ti ń yọ ariwo? Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé Olúwa ti rí ọjọ́ yìí láti òkèèrè, ó sì ti rán òun lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ṣe é. Ariwo lọ. Ohùn tó kù mọ́ bí omi inú ife. Ta nìyí?

*

Lọ́jọ́ kejì, ó dé yàrá ìwádìí, ó sì jókòó láì bọ́ báàgì kúrò léjìká. Fóòmù dúdú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá náà kí ohùn má baà máa ta padà, ó sì ti ń ṣí ní igun. Fáànù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí ariwo, nítorí náà gbogbo ẹni tó ń bá ohùn ṣiṣẹ́ máa ń làágùn.

Ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì ni Jígí. Wọ́n sọ ọ́ ní Jígí nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Kì í ṣe ohùn ni tirẹ̀, àwòrán ni. Ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti tún àwọn fọ́tò àtijọ́ tó ti ṣá ṣe, kí ojú èèyàn lè tún hàn níbi tí ọrinrin ti jẹ ẹ́.

"Ìyá Ohùn, ẹ ǹlẹ́ o," Jígí kí i. "Ojú yín ti wọnú. Tí mo bá ya yín ní fọ́tò báyìí, ètò mi á rò pé àwòrán ayé àtijọ́ ni, á ní òun fẹ́ tún yín ṣe."

"Jígí, fi mí sílẹ̀."

"Bàbá ò gba ohùn náà?"

"Wọ́n ní ṣé ọmọkùnrin yìí ti jẹun."

Jígí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ n rí i."

"Rí kí ni? Ohùn là ń sọ."

"Ẹ ṣáà ya àwòrán ẹ̀ fún mi. Ẹ mọ̀ pé èmi ò ní etí."

Kọ̀ǹpútà lè ya àwòrán ohùn. Àsìkò á máa lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún, bí ìlà ìwé. Ohùn tó wúwo á wà nísàlẹ̀, èyí tó tínrín á wà lókè. Ibi tí ohùn bá ti le, àwòrán á mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹnjiníà ṣí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ Bàbá bó ṣe wà kó tó fọ̀ ọ́. Jígí tẹ̀ síwájú títí awò ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà.

"Ibo lẹ mú bí ìdákẹ́ àkọ́kọ́?"

Ìdákẹ́ àkọ́kọ́ ni òfin yàrá náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ̀rọ̀ sí gbohùngbohùn wọn, wọ́n á ní kó jókòó, kó má sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbọ́ nínú ìdákẹ́ yẹn, ariwo lásán ni: wáyà, afẹ́fẹ́, ọkọ̀ tó ń kọjá níta. Kọ̀ǹpútà á kọ́ bí ariwo náà ṣe rí, á sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó bá tẹ̀lé e, bí ẹni tó kọ́kọ́ wọn agbọ̀n òfìfo kó lè yọ ìwọ̀n agbọ̀n kúrò lára ẹrù. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé ètò wọn ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́.

"Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni," Ẹnjiníà dáhùn, ó fi ìka hàn án. "Kí wọ́n tó la ẹnu. Maṣíìnì nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ta ló wá ń kọrin nínú ìdákẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọrin. Mo ní maṣíìnì ni."

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Ohùn. Àwọn ìlà tó dúró ṣánṣán bí eyín ìyarun yìí, mo gbà, maṣíìnì nìyẹn. Èyí tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ wò ó, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Maṣíìnì wo ló ń rìn bí ejò? Èmi ò mọ ohùn o. Àmọ́ ohun tó bá ń tẹ̀ báyìí, ó ní èémí."

Ẹnjiníà ki íápíìsì bọ etí. Ó gbọ́ maṣíìnì. Ó tún un gbọ́, maṣíìnì náà ni. Ó di ojú, ó fi ọwọ́ bo etí lórí íápíìsì, ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà náà ni ó yọ jáde lábẹ́ maṣíìnì, bí ẹni tó ti jókòó sínú òkùnkùn láti àárọ̀ tí wọn kò rí: Bàbá ń fi ẹnu dídì kọrin. Orin ìyìn ni, èyí tó máa ń kọ kó tó sọ ohunkóhun. Kí ó tó pe ọmọ, kí ó tó dá oníbàárà lóhùn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, orin náà á kọ́kọ́ lọ díẹ̀ nínú imú rẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́n omi sí ẹsẹ̀ kó tó wọlé.

Inú orin yẹn ni wọ́n bí Ẹnjiníà sí. Etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọkùnrin tí kò dákẹ́ rí kó tó sọ̀rọ̀, Ẹnjiníà lọ mú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé: ìdọ̀tí nìyí, níbikíbi tí o bá ti rí i, yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn. Ó lọ káàkiri gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá, ó sì yọ Bàbá kúrò nínú wọn. Gbogbo ohun tó wúwo nísàlẹ̀ ohùn náà, tó máa ń mi tábìlì bí ó bá ń gbàdúrà, ó kó o dànù pọ̀ mọ́ maṣíìnì.

Ẹkún wá sí i lójú, ó bá a nínú àárẹ̀, ó padà.

"Ẹ ti fọ aṣọ náà dáadáa," Jígí sọ jẹ́jẹ́, "ẹ wá fọ àwọ̀ ẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí."

"Jígí."

"Mà?"

"O ṣé. Má sọ̀rọ̀ mọ́."

*

Nígbà tó délé, ó bá Màmá nídìí àwo. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń bá a nù wọ́n.

"Màmá, ẹ rántí orin tí Bàbá máa ń kọ sínú?"

Ọwọ́ Màmá dúró nínú omi. "Báwo ni màá ṣe gbàgbé ẹ̀? Orin yẹn ló fi ń pè mí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀, màá gbé ẹnu mi dúró. O mọ̀ pé ẹnu mi yá. Ní báyìí ńkọ́? Mo ti ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìgbà tí màá fi yíjú, ó ti kọ tirẹ̀ sórí aṣọ, ó ti gbọ̀n ọ́n nù. Màá ní, 'Kí lẹ sọ?' Á mi orí pé kò sí nǹkan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo kan tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. "Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. Ọjọ́ mélòó ni 'kò sí nǹkan' máa tó kún ilé?"

Ẹnjiníà gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń ronú.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ padà. Kò sí ètò tó lè bá a ṣe é, nítorí orin Bàbá wà níbi tí ètò ti ń retí ìdákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní láti jókòó ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wá ibi tí Bàbá ti mí láàárín gbólóhùn tí maṣíìnì sì ń lọ nìkan, kó sàmì sí ibẹ̀, kó ní: èyí ni ariwo, èyí nìkan. Ibi tí irú rẹ̀ wà kéré, ó kúrú bí ìṣẹ́jú akàn. Ọrùn ń ro ó. Ojú ń ta á. Láti ìgbà dé ìgbà, Jígí á gbé tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bá a wo àwòrán tó bá rú u lójú, á ní, "Ejò nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án," á sì padà sídìí tirẹ̀.

Gbogbo ìròyìn àtijọ́ náà tún ń kọjá létí rẹ̀. Òjò ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan sanra, ó ní télọ̀ ló gé aṣọ òun kù. Màmá ní kí o máa jẹun. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń parí bákan náà: "Ó tó báyìí, Ẹnjiníà. Máa lọ sinmi." Á gbọ́ ọ, á sàmì sí i, á ṣí òmíràn.

*

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù pé. Òwúrọ̀ ni, Màmá ṣì wà nídìí àwo, kò tíì ṣí ìwé orin, Bàbá sì ti wà nídìí maṣíìnì, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá tún bi mí pé ta nìyí, màá gbé e padà sí ilé ìwòsàn lónìí. Mi ò ní bínú. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Bàbá wò ó, ojú rẹ̀ tó pọ́n, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tó ká sínú. Ó kọ́kọ́ na ọwọ́, ó tún kọ́là náà ṣe. Lẹ́yìn náà ló yí àga padà, ó sì gbé ìka kan lé ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Bí ìka rẹ̀ ṣe kan lẹ́tà àkọ́kọ́, orin bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, lẹ́nu dídì, wúwo, jẹ́jẹ́. Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn. Orin dúró. Ó tún fọwọ́ kàn án, orin tún wá.

Nínú ilé, omi tó ń dà sílẹ̀ lórí àwo dákẹ́. Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnwọ́. "Mò ń gbọ́ o, kí lẹ fẹ́ sọ?" ó ní, bó ṣe máa ń sọ ọ́ láti ìgbà èwe wọn, kó tó rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ilé wọn. Ó wá rántí. Ó fi ọwọ́ tó tutù bo ẹnu.

Bàbá kò gbé ojú sókè. Ó ń tẹ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orin náà sì ń bá a lọ, Màmá dúró, kò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, orin parí, ohùn jáde.

"Ẹ wá ká gbàdúrà."

Kò mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ó há díẹ̀ létí, ó fà níbì kan, bí èèyàn bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa, maṣíìnì ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ohùn náà mi bọ́tìnnì inú agolo. Bàbá mú aṣọ dúdú náà, ó wò ó, ó ká a, ó sì fi nu ọṣẹ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n jókòó síbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àdúrà náà pẹ́. Orin díẹ̀, gbólóhùn kan. Orin díẹ̀, gbólóhùn kan. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Ó dúpẹ́ fún àwọn dókítà. Ó bẹ Olúwa fún àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ, kí wọ́n rí tiwọn. Kó tó kan àwọn ọmọ, Ẹnjiníà ti gbé orí lé ìdì aṣọ tí wọn kò tíì rán, ó ti sùn lọ. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá sùn níbi àdúrà, tépù tí Bàbá fi ń wọn aṣọ ló máa ń jí i, pàá, lórí.

Màmá na ọwọ́ kó jí i fún Àmín. Orin bẹ̀rẹ̀. Màmá dá ọwọ́ dúró sí òfuurufú, ó ń retí.

"Jẹ́ kó sùn," ohùn náà ní. "Bá a ṣe Àmín tirẹ̀."